Àga Tó Wọ Ìbọ̀sẹ̀

1.

…nítorí náà, inú wa yóò dùn púpọ̀ bí ẹ bá lè wá gba ẹ̀bùn ipò kìíní lórúkọ rẹ̀, ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀.

A sì ń rán gbogbo òbí létí pé àga àwọn ọmọ tó jáde ní láti kúrò nínú kíláàsì kí àwọn ọmọ tuntun tó wọlé. Àga tó bá ṣẹ́kù, igi ìdáná ni.

Wọ́n ti tẹ ìlà tó kẹ́yìn yẹn sára gbogbo lẹ́tà. Kò sí ẹni tó ronú láti yọ ọ́ kúrò nínú tiwọn.

Káfíńtà kà á lórí ìdúró. Ó yọ pẹ́ńsùlù létí rẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ "àga". Kò fa ìlà sábẹ́ "ipò kìíní".

2.

OHUN TÍ ỌMỌ TUNTUN YÓÒ MÚ WÁ
(bébà ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, gọ́ọ̀mù ti ta sí i lára)

Garawa kan.
Ìwé àkọsílẹ̀ méjìlá.
Bàtà dúdú, ẹsẹ̀ méjì. *(Ọwọ́ ọmọdé kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: Ta ló ń mú ẹsẹ̀ kan wá?)*
Àga kan, tí yóò bá ọmọ náà dé ọdún kẹfà.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọmọ Káfíńtà nígbà náà. Àwọn òbí yòókù ra àga ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní ọmọ á dàgbà bá a. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wọn wá ń fì nínú afẹ́fẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Káfíńtà ò gbà. Ó ní ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ olùkọ́ ò lè dúró sí i lórí. Ó kan àga tó bá ọmọ rẹ̀ mu lọ́dún náà gan-an, ó sì ní kó máa gbé e bọ̀ nílé ní gbogbo ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn.

3.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ọdún kìíní: íńṣì 14.
Ọdún kejì: íńṣì 15. Igi pupa.
Ọdún kẹta: íńṣì 16. Igi funfun, ìyókù ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì.
Ọdún kẹrin: íńṣì 17. Igi dúdú.
Ọdún karùn-ún: íńṣì 18. Igi pupa.
Ọdún kẹfà:

Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn.

Lọ́dọọdún ni Káfíńtà ń fi íńṣì kan kún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àga náà. Igi tó bá wà lọ́wọ́ ló ń lò, ó ń fi gọ́ọ̀mù àti èèkàn tínínní so wọ́n pọ̀. Nígbà tó máa fi di ọdún kẹta, ẹsẹ̀ àga ti di aláwọ̀ méjì mẹ́ta, àwọn ọmọ kíláàsì sì ń pè é ní Àga Tó Wọ Ìbọ̀sẹ̀.

Ẹni tó ni ín, Àkàbà ni wọ́n ń pè é, nítorí bó ṣe ń ga. Bàbá rẹ̀ gba orúkọ náà kíá. Ìyá rẹ̀ ló yarí. Ó ní òun ò bí àkàbà. Ọdún kan gbáko ló fi yarí, títí di ọjọ́ tí ìkòkò kan há sókè kọ́bọ́ọ̀dù, tí òun náà figbe ta: "Àkàbà o!"

4.

Abala yìí kò tíì ṣeé kọ. Ẹ jẹ́ ká fò ó ná.

5.

*Nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìsinmi tó ṣáájú ọdún kẹfà.*

ÀKÀBÀ: Bàbá, àga ti dé o.

KÁFÍŃTÀ: Mo rí i. Gbé e síbẹ̀.

ÀKÀBÀ: Ẹ wò ó, tí mo bá jókòó, eékún mi ń kan àgbọ̀n mi.

KÁFÍŃTÀ: Àgbọ̀n rẹ ló gùn.

ÀKÀBÀ: *(ó ń rẹ́rìn-ín)* Íńṣì kan péré ni, Bàbá.

KÁFÍŃTÀ: Ọdún kan péré náà ló kù. Kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé, wàá ti kúrò níbẹ̀. Igi ò ṣeé fi ṣòfò.

ONÍTÌMÙTÌMÙ: *(láti ṣọ́ọ̀bù kejì, níbi tó ti ń rọ òwú sínú ìrọ̀rí)* Ẹ bá a fi kún un jàre! Tọ́mọ yìí bá di adájọ́, ẹ̀yìn ríro ló máa fi rántí yín!

KÁFÍŃTÀ: Ìwọ, gbájú mọ́ òwú rẹ.

ÀKÀBÀ: Kò burú, Bàbá. Màá fi eékún kọ ìdánwò.

Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rìnlá ló wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà fún ilé àlejò kan. Ọwọ́ Káfíńtà dí. Òótọ́ ni. Ó ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé òótọ́ ni.

6.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ́yìn ìdánwò tó kẹ́yìn, Àkàbà ní orí ń fọ́ òun. Bàbá rẹ̀ ní ìwé tó kà ló pọ̀ jù, kó lọ sùn.

Ó lọ sùn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé e padà.

7.

*Fóònù Káfíńtà. Onípákó, tó ń ta igi fún un, ń gbé ní òdìkejì ìlú. Kò tíì gbọ́.*

ONÍPÁKÓ: Ẹ̀gbọ́n!! Wọ́n ti lẹ èsì mọ́ ògiri ilé ìwé. Ọmọ yín ló wà lókè pátápátá! Ẹ kú oríire o!

ONÍPÁKÓ: Ẹ̀gbọ́n ẹ ò fọhùn. Àbí ayọ̀ ti dí yín lẹ́nu

KÁFÍŃTÀ: O ṣeun.

ONÍPÁKÓ: Ẹ bá mi kí Àkàbà gan-an. Ẹ ní mò ń bọ̀ wá bá a jó.

KÁFÍŃTÀ: ~~Má bínú, o ò tíì gbọ́ ni. Ọmọ náà~~

KÁFÍŃTÀ: ~~Ó ti lé lóṣù kan báyìí tí~~

KÁFÍŃTÀ: Màá kí i.

8.

ÈTÒ AYẸYẸ ÌKẸ́KỌ̀Ọ́JÁDE

Àdúrà.
Orin.
Ọ̀rọ̀ ìkíni láti ẹnu ọ̀gá ilé ìwé.
Àwọn ọmọ yóò jókòó sórí àga wọn fún ìgbà ìkẹyìn.
Pínpín ẹ̀bùn.
*Ìdákẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.* (wọ́n fi bírò kọ ọ́ sí i)
Fọ́tò.
Ìpápánu.

Ìyá ọmọ ló lọ ṣẹ́ẹ̀tì tí Káfíńtà wọ̀. Ó lọ kọ́là rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ máa lọ. Èmi á dúró ti ilé."

Ọmọ wọn obìnrin ló tẹ̀ lé bàbá rẹ̀. Ìṣó Kékeré ni Káfíńtà ń pè é, nítorí ó kéré, ibi tí wọ́n bá sì kàn án mọ́, ibẹ̀ náà ló ń wà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ilé ìwé yìí ni yóò wọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Àga méjìlélọ́gọ́ta ló wà lórí pápá. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ní ènìyàn lórí.

Wọ́n pe orúkọ. Káfíńtà dìde. Àtẹ́wọ́ dún bí òjò orí páànù. Lẹ́yìn náà àwọn ènìyàn rántí, wọ́n sì ń wo ọwọ́ ara wọn.

Ìwé atúmọ̀ èdè kan ni ẹ̀bùn náà, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí nínú férémù. Káfíńtà wo férémù. Igun kan kò ṣe déédéé. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé kó tó sọ pé, "Ẹ ṣeun, sà."

Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò tán, ó lọ gbé àga.

Ó gbé e sókè. Nǹkan mẹ́rin ṣẹ́kù sílẹ̀.

9.

ÌṢÓ KÉKERÉ: Bàbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ já bọ́.

Kì í ṣe ẹsẹ̀. Bébà ni: ojú ìwé àkọsílẹ̀ ọdún karùn-ún tí ẹnìkan ṣẹ́ léra, tó fi okùn rán pọ̀, tó fi ẹ̀yìn ìwé líle bò lókè àti nísàlẹ̀. Mẹ́rin ni, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti le bí igi.

Káfíńtà yọ téèpù lápò. Kò sí ibi tí kì í mú un lọ.

Íńṣì kan. Íńṣì kan. Íńṣì kan. Íńṣì kan.

OLÙKỌ́: Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n wọlé ló ṣe é, sà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ bá òun tún un ṣe nílé.

KÁFÍŃTÀ: Kí ló wí?

OLÙKỌ́: Ó ní ọwọ́ yín dí.

*(Káfíńtà ká téèpù padà sápò.)*

OLÙKỌ́: Kò fi bínú o, sà. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní, "Ọmọ káfíńtà ni mí, íńṣì kan ò lè ṣe mí ní nǹkan."

10.

*Nílé. Ọjọ́ Ajé. Àga méjì ló wà nínú pálọ̀: ọ̀kan tuntun, ọ̀kan tó wọ ìbọ̀sẹ̀.*

ÌṢÓ KÉKERÉ: Mi ò fẹ́ èyí.

KÁFÍŃTÀ: Kí ló ṣe é? Igi tó dáa jù ní ṣọ́ọ̀bù ni. Mo gbẹ́ òdòdó sí i lẹ́yìn.

ÌṢÓ KÉKERÉ: Ó rẹwà. Ẹ tà á. Ti Bọ̀dá mi ni mo fẹ́.

KÁFÍŃTÀ: Tiẹ̀ ga jù fún ọ.

ÌṢÓ KÉKERÉ: Ẹ gé e.

*(Káfíńtà yíjú sí ìyá rẹ̀.)*

KÁFÍŃTÀ: Ìyá ọmọ mi, bá mi bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀.

ÌYÁ: Kí n ní kí ni? Láti ọjọ́ Ẹtì lẹ ti gbé àga yẹn sídìí fèrèsé. A ò lè jókòó lé e, a ò lè gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Onítìmùtìmù wá kí wa lánàá, ó ní kóun fìdí lé e, ẹ lọgun mọ́ ọn bí ẹni pé inú iná ló ń jókòó sí.

KÁFÍŃTÀ: Ṣé kí n wá gé e?

ÌYÁ: Mi ò ní kẹ́ ẹ gé e. Mi ò ní kẹ́ ẹ má gé e.

ÌṢÓ KÉKERÉ: Bọ̀dá mi ti fún mi.

KÁFÍŃTÀ: Nígbà wo?

ÌṢÓ KÉKERÉ: Lọ́jọ́ tó parí ìdánwò. Ó ní, "Ìṣó, o ti jogún àga. Bá mi tọ́jú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ o."

*(Ìyá dìde, ó wọ inú yàrá. Ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́.)*

4.

Ó ṣeé kọ báyìí.

Lọ́jọ́ kẹta yẹn, Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló yan pákó. Ó ní ẹlòmíràn ò ní kan pósí ọmọ òun. Ó mú téèpù, ó wọ yàrá tí wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí, ó jáde. Ó tún wọlé, ó tún jáde. Nígbà kẹta, Onítìmùtìmù gba téèpù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọlé. Nígbà tó jáde, ó pe iye kan.

"Tún un pè."

Ó tún un pè.

Káfíńtà ní, "Mi ò mọ̀ pé ó ti ga tó yẹn."

Kò sí bébà nítòsí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni Onítìmùtìmù kọ ọ́ sí. A ti sọ lókè pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn "Ọdún kẹfà". Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí, kì í ṣe ọwọ́ Káfíńtà, kì í sì í ṣe ti àga:

Ọdún kẹfà: íńṣì 74.

11.

*Ṣọ́ọ̀bù. Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìwọlé.*

Ó wọn ẹsẹ̀ Ìṣó Kékeré láti orí eékún dé àtẹ́lẹsẹ̀. Íńṣì 14. Bákan náà pẹ̀lú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà náà, kò fi irun kan lé.

OHUN TÍ A Ó GÉ
Pupa. Ọdún karùn-ún.
Dúdú. Ọdún kẹrin.
Funfun. Ọdún kẹta.
Pupa. Ọdún kejì.

Ti bébà kò gba ayùn. Ó ti kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè.

Ó dojú àga dé. Ó fa ìlà sí oríkèé àkọ́kọ́. Ó gbé ayùn lé e.

"Bàbá."

"Hẹ̀n."

"Ẹ má sọ èyí tẹ́ ẹ bá gé nù o. Lọ́dọọdún lẹ máa máa dá ọ̀kan padà fún mi."

Káfíńtà tẹjú mọ́ ìlà. Gbogbo káfíńtà ló mọ̀ pé ayùn ń jẹun. Ibi tó bá gbà kọjá, igi díẹ̀ á di lẹ́búlẹ́bú, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ. Ohun tí a gé ní íńṣì kan kì í padà wá ní íńṣì kan. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ ìyẹn fún ọmọ ọdún mọ́kànlá?

Onítìmùtìmù ti dá iṣẹ́ dúró ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ìyá ọmọ wà lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò padà.

Ìṣó Kékeré fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú kó má baà mì. Ó dúró. Ó tún dúró. Nígbà tí ayùn kò gbéra, ó yọ pẹ́ńsùlù létí bàbá rẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì ń kọ nǹkan sábẹ́ èyí tó wà níbẹ̀.

Ayùn wà lórí ìlà.

Ọdún kìíní: íńṣì 14.
Ọdún kejì:
Ọdún kẹta:
Ọdún kẹrin:
Ọdún karùn-ún:
Ọdún kẹfà: ẹ fi kún un o, Bàbá.