Ojú Òòlù Lára Bẹ́ríìnì

Kí Àbígbẹ̀yìn tó gbé ẹ́ńjìnì sìkútà rẹ̀ dé ilé ìdáná láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, bàbá rẹ̀ ti gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ti jókòó, ó ti ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò ṣòkòtò, ó ń wò ó bí ẹni ń wo olè tó ń kẹ́rù jáde.

"Orí tábìlì tí a ti ń jẹun?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Mo ti tẹ́ páálí sí i, Bàbá."

"Páálí. Ó fẹ́ la inú ẹ́ńjìnì, ó tẹ́ páálí sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ sùn."

Ẹ́ńjìnì náà wúwo, Àbígbẹ̀yìn sì mọ̀ pé bí òun bá dá a lóhùn, wọn yóò wà níbẹ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ó rọra gbé e lé orí páálí, ó nu ọwọ́, ó sì tú àwọn sípánà rẹ̀ sílẹ̀. Wọn kò pé mẹ́fà.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí bàbá yìí fi tún alùpùpù ṣe kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá Onírin ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọṣẹ́ tó kọ́ kò níye. Ó kọ́ ẹ̀gbọ́n Àbígbẹ̀yìn ọkùnrin pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn padà lọ di awakọ̀ ẹrù. Àbígbẹ̀yìn nìkan ni kò jẹ́ kó fọwọ́ kan sípánà. "Obìnrin tó ń rùn fún ọ́ìlì," a máa wí, "ta ni yóò jókòó tì í?" Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó fún ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀bù ni kó máa fi kẹrosíìnì fọ bóòtù, ìṣó ẹ́ńjìnì oníyíyí, nínú abọ́. Àbígbẹ̀yìn fọ bóòtù fún ọdún mẹ́jọ. Ọwọ́ ló wà nínú abọ́, ojú kò sí níbẹ̀.

Nísinsìnyí, oògùn ló ń gbé kiri. Ilé ìtajà oògùn kan ló gbà á láti máa gbé e lọ sílé àwọn aláìsàn tí kò lè rìn, sìkútà yìí sì ni ẹsẹ̀ tó fi ń jẹun. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ó ń bọ̀ láti òpin ìlú nígbà tí inú ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í hu bí ẹni ń lọ òkúta. Kò tíì dé ìyànà tó fi gan pa. Ó tì í délé pẹ̀lú òógùn.

Bàbá kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó kó tó dájọ́. "Kò fi ọ́ìlì sí i. Ó ti pa á." Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù. Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo òpópónà ti gbọ́ pé ọmọ Ọ̀gá Onírin ló fi òǹgbẹ ọ́ìlì pa ẹ́ńjìnì. Ẹ̀gbọ́n ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday láti wá kó o lọ bá àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ìyáàfin tó ni ilé oògùn náà kò bá a jà, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ gbangba pé bí kò bá sí ẹsẹ̀ lọ́jọ́ Monday, òun yóò gba ẹlòmíràn.

Ohun tí mẹkáníìkì ìsàlẹ̀ òpópónà fẹ́ gbà ju owó oṣù Àbígbẹ̀yìn lọ. Nítorí náà ló ṣe fi ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ra bẹ́ríìnì méjì, òrùka irin onípele méjì tí ọ̀pá ẹ́ńjìnì ń yí nínú rẹ̀, pẹ̀lú síìlì kan àti gásíkẹ́ẹ̀tì kan tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò. Owó tán síbẹ̀. Bí ó bá ba ọ̀kan jẹ́, kò sí òmíràn.

Láti ọjọ́ Friday ló ti wé bẹ́ríìnì méjèèjì sínú ọ̀rá, ó sì gbé wọn lọ sínú fìríìsà obìnrin olùkọ́ tó ń gbé lókè wọn, nítorí irin a máa súnkì bí òtútù bá mú un.

"Ṣé ẹja ni?" ni olùkọ́ bi í.

"Irin ni, mà."

"Ó dáa. Kó má ṣáà jẹ ẹran mi."

Ó tú bóòtù ẹ́ńjìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tò wọ́n sórí páálí bí wọ́n ṣe ń jáde. Bàbá ń kà wọ́n pẹ̀lú ẹnu. "Ìyẹn yóò sọnù. Ìyẹn náà yóò sọnù." Kò ní ohun èlò tí wọ́n fi ń la ẹ́ńjìnì sí méjì, ló bá mú pákó kékeré kan, ó ń fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́ yí etí ẹ́ńjìnì ká títí ó fi là. Ó yọ kiráǹkì, ọ̀pá tó ń yí láàárín rẹ̀, ó wé e sínú ọ̀rá, ó sì sáré gbé ìyẹn náà lọ sókè.

Nígbà tó padà, ó gbé ìlàjì kan sórí páànù àtijọ́, ó sì tan iná sítóòfù sí ìwọ̀nba kí ihò inú rẹ̀ lè fẹ̀. Ó ta omi díẹ̀ sí i lára. Nígbà tí omi náà sá káàkiri tó sì gbẹ, ó fi àkísà gbé e, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì gbá a mọ́ pákó lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ríìnì àtijọ́ já bọ́. Ti ìlàjì kejì kò fẹ́ jáde. Ó há, ó ń ké kíríkírí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbá a mọ́ pákó kó tó bọ́, bó sì ṣe bọ́ ni àwọn ọmọ irin inú rẹ̀ ń mì woroworo.

"Gbé ìyẹn dànù!"

Igbe náà mú kí Àbígbẹ̀yìn ta gìrì. Bàbá ti dìde lórí àga.

"Màá fi òrùka rẹ̀ kan tuntun wọlé ni, Bàbá, bó bá—"

"Mo ní kó o gbé e dànù! Kí lò ń kó ìdọ̀tí jọ sí nínú ilé mi? Ṣé wàá tún máa kọ́ mi níṣẹ́ mi ni? Kí n tó ka márùn-ún, kí n má rí irin yẹn níbẹ̀!"

Àbígbẹ̀yìn wò ó. Láti àárọ̀ ló ti ń bú òun, ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀. Ó ju irin náà sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gun òkè lọ mú bẹ́ríìnì tuntun.

Àríyànjiyàn yẹn ti jẹ àkókò. Nígbà tí yóò fi padà, ìlàjì ẹ́ńjìnì ti ń tutù, òun kò sì fura. Ó gbé bẹ́ríìnì sójú ihò. Ó wọ dé ìdajì, ló bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó há síbẹ̀. Àbígbẹ̀yìn fi àtàǹpàkò tì í. Kò mira. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Ṣe ló dà bíi pé wọ́n bí i mọ́ ọn.

"Mú òòlù," ni Bàbá wí.

Ó mú òòlù.

"Lù ú. Àárín gan-an ni kó o lù. Kí lò ń bẹ̀rù? O ò ní o mọ̀ ọ́n ṣe? Lù ú dáadáa!"

Àbígbẹ̀yìn ti gbé òòlù sókè nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Ó rántí ṣọ́ọ̀bù. Ó rántí ọmọṣẹ́ kan tó gbá àárín bẹ́ríìnì, tí Bàbá sì gbá òun náà létí, tó ní, "Òrùka ìta ni kó o máa lù! Ẹni tó bá lu àárín bẹ́ríìnì, orí ara rẹ̀ ló lù!" Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí fi ọgbọ̀n ọdún kígbe ni, kò sì sí bí ó ṣe lè gbàgbé rẹ̀.

Ó gbé òòlù sílẹ̀. Ó yọ bẹ́ríìnì àtijọ́ nínú àpò, ó fi àkísà nù ún, ó sì gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ojú òòlù márùn-ún ló wà lára òrùka àárín, wọ́n ṣe kòtò-kòtò bí ojú eyín. Ó yẹ ihò ẹ́ńjìnì wò. Ẹ̀gbẹ́ kan ti ha, níbi tí wọ́n ti fi tipátipá gbá a wọlé ní wíwọ́.

Oṣù mọ́kànlá ṣáájú, Bàbá ló tún sìkútà yìí ṣe. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí lódindi ọjọ́ kan, ó ní kí ẹnikẹ́ni má yọ òun lẹ́nu. Nígbà tó jáde, òógùn ti bò ó, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà nínú àpò. Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ yẹn kì í ti í jáde lójú ènìyàn.

"Bàbá, ta ló lu èyí?"

"Èwo?"

"Ẹ mọ èwo. Ẹ́ńjìnì yìí kò kú nítorí ọ́ìlì. Ẹ̀yin lẹ lù ú pa."

"Èmi?" Ọkùnrin náà sún mọ́ ọn. "Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀? Èmi tí mo ti ń tún ẹ́ńjìnì ṣe kí ìyá rẹ tó lóyún rẹ?"

"Ẹ fi ọwọ́ yín hàn mí."

Bàbá fẹ́ gbá a létí. Ọwọ́ ọ̀tún jáde nínú àpò, ó gbéra, ṣùgbọ́n kò dé ibi tó ń lọ. Ó ń gbọ̀n lójú òfurufú, ìka márààrùn-ún ń jó bí ewé. Àwọn méjèèjì ń wò ó. Ó pẹ́ kí Bàbá tó fi ọwọ́ òsì mú un, tó sì fà á wálẹ̀.

"Ṣé kí n máa kéde rẹ̀ ni?" ni Bàbá wí. "Ṣé kí n jókòó síta kí n máa sọ fún gbogbo ọmọṣẹ́ tó bá ń kọjá pé ọwọ́ mi ti kú?"

"Kí ẹ wá fi orúkọ mi bò ó? Gbogbo òpópónà ń pè mí ní apẹ́ńjìnì. Lónìí náà, ẹ ní kí n lu àárín. Ẹ mọ̀ pé yóò bàjẹ́. Ẹ mọ̀ pé n kò ní òmíràn."

"Bó bá bàjẹ́, a ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́," ni bàbá rẹ̀ wí.

Nínú gbogbo èébú tó ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti dáyé, kò sí èyí tó dun Àbígbẹ̀yìn tó gbólóhùn jẹ́jẹ́ yẹn. Ó gbé àga Bàbá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síbẹ̀," ó sì ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Kò ṣe irú rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà, ó dúró títí ìbínú fi rọlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Ó tún gbé ìlàjì náà ka iná. Bẹ́ríìnì tó há já bọ́ fúnra rẹ̀. Ó dá a padà sí fìríìsà, ó sì mú bébà oníyanrìn tó kúnná, ó fi wákàtí kan ra ibi tó ha nínú ihò náà títí ó fi jọ̀lọ̀. Nígbà tó tún gbìyànjú, ó jẹ́ kí iná mú irin dáadáa, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bẹ́ríìnì tó ti funfun fún òtútù, ó gbé e sójú ihò, ó sì yọwọ́.

Ó wọlé. Kọ́! Bí ìdérí tó bá ìkòkò rẹ̀ mu.

Àbígbẹ̀yìn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, kò sì mọ ìgbà tí omijé dé. Ẹlẹ́ẹ̀kejì náà wọlé láìyọ ọ́ lẹ́nu. Ó gbé irin gbígbóná lé òrùka àárín kó lè fẹ̀, kiráǹkì tútù sì wọ inú rẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń wọ àpò. Kó tó di pé ilẹ̀ ṣú, ẹ́ńjìnì ti padà sí ìdí sìkútà.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú ọkọ̀ àti okùn. Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni ìró ẹ́ńjìnì lẹ́yìn ilé, tó ń lọ wẹ́rẹ́.

"Ta ló tún un ṣe?" ló bi wọ́n.

Bàbá wà lórí àga rẹ̀, ọwọ́ nínú àpò. "Ta ni ìbá tún un ṣe?" ló wí. "Ta ló ń tún ẹ́ńjìnì ṣe nínú ilé yìí?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó gbóríyìn fún un, ó sì kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Orí bá ọ ṣe tí o ní bàbá. Wò ó, bí o bá tún gbàgbé ọ́ìlì—"

Àbígbẹ̀yìn pa ẹ́ńjìnì. Ó mú bẹ́ríìnì àtijọ́, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ wo àárín rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni a ti dàgbà, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún mú ife omi kan."

Ẹ̀gbọ́n wo irin náà pẹ́. Ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá dìde, ó wọ yàrá lọ, ilẹ̀kùn sì ró gbàà.

"Ṣé dandan ni kó o dójú tì wọ́n?" ni ẹ̀gbọ́n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Nígbà tí wọ́n ń dójú tì mí, ẹ gbọ́. Ẹ bá wọn dá sí i."

Ẹ̀gbọ́n ká okùn rẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ láìmu omi.

Ní àárọ̀ Monday, Àbígbẹ̀yìn kí bàbá rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ti ti sìkútà dé ojú pópó nígbà tí fèrèsé yàrá Bàbá ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Yí ọ́ìlì rẹ̀ padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá," ni ohùn náà kígbe. "Kì í ṣe nítorí tìẹ ni mo fi sọ ọ́. Nítorí ẹ́ńjìnì ni!"

"Mo gbọ́," ni Àbígbẹ̀yìn dáhùn, ó ń de akoto mọ́ orí. "Èmi náà ò ní tìtorí yín yí i."

Ó ta á lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnì gbà, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà.