Mo Fi Ìparí Ṣe Ìbẹ̀rẹ̀

Ìlà méjì péré ni. Kí n kọ ìlà méjì láti fi tún àṣìṣe mi ṣe, kí n fi í ránṣẹ́ sí olóòtú kí aago mẹ́rin tó lù, ó parí. Kí ló wá dé tí ọwọ́ mi kò gbéra? Èmi tí mo ti ń kọ ojú ìwé méjì lọ́sẹ̀ láti ọdún méjìlélógún, tí mo ń sọ fún àwọn olórin pé gìtá wọn ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ìlà méjì wá di òkè fún mi. "Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, pẹ̀lú ìbànújẹ́…" Rárá. Ó dún bí ìkéde òkú.

Kí ni mo ṣe gan-an? Àwo orin Apariwo, ọ̀dọ́ olórin kan, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ọwọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kó tó dé ọjà. Àwo dúdú, bébà funfun láàárín rẹ̀, kò sí àkọlé, kò sí nọ́ńbà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fi í ránṣẹ́ sí àwa tí à ń ṣe lámèyítọ́ orin. Orin rọ́ọ̀kì mẹ́jọ, mẹ́rin lójú kìíní, mẹ́rin lójú kejì, gbogbo rẹ̀ lórí àdúgbò tí ìjọba fi katapílà wó lẹ́yìn ojú irin rélùwéè. Mo gbọ́ ọ. Orí mi wú. Mo sì kọ ọ́ pé… áà, mo kọ ọ́! Mo ní ọgbọ́n àgbà ló wà nínú bí wọ́n ṣe to orin náà: wọ́n fi igbe bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi orin ìrẹmọlẹ́kún parí. Mo ní "ìbínú tó mọ ìgbà tó yẹ kí òun sùn." Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ mi nínú débi pé mo kà á fún ìyàwó mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ó dáa," ó ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Àṣé ojú kejì ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Àná ni mo rí èyí tí wọ́n ń tà, tí àkọlé wà lára rẹ̀. Orin ìrẹmọlẹ́kún ló ṣáájú. Ìyá ń rẹ ọmọ lẹ́kún, katapílà ń bọ̀. Igbe ló kẹ́yìn, ìbéèrè ló kẹ́yìn: ta ló rán yín? Ta ló dúró tó ń wò wá? Mo yin àwọn tó ni orin fún ohun tí wọn kò ṣe.

Ì bá rọrùn ká ní ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn… Ẹni mélòó ló ra àwo? Ọ̀rọ̀ mi ni gbogbo ayé kà. Ìwé ìròyìn mẹ́ta ti dà á kọ, àwọn ọ̀lẹ! Ìyẹn kọ́ ló tiẹ̀ ń dùn mí. Rédíò àná ni. Agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń wó ilé, ohùn rẹ̀ ń yọ̀ bí òróró: "Àwọn olórin wọn fúnra wọn ti ní kí wọ́n lọ sùn. Elétí ló kọ ọ́, ẹ lọ kà á." Èmi ni wọ́n ń pè ní Elétí. Lọ́jọ́ Ajé, katapílà ń padà bọ̀ wá wó ìyókù, ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n sì fi ń gbálẹ̀ dè é.

Apariwo pè mí láàárọ̀. Mo ti ń retí èébú. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó bú mi, kí ara lè tù mí. Ẹ̀rín ló ń rín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti yí i sódì o! Ẹ ṣáà bá wa kọ ìlà kan sí i. Àwọn ará àdúgbò ń bi mí bóyá a ti gba rìbá." Ó wá ní, "Ohùn ìyá mi lẹ gbọ́ nínú orin ìrẹmọlẹ́kún yẹn, sà. Ilé wọn wà lára èyí tó kù."

Olóòtú kò fẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tọrọ àforíjì lórí ohun tí etí yín gbọ́, kí ni wọ́n tún fẹ́ gbà gbọ́ lẹ́nu yín?" Kò parọ́. Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Elétí tí kò mọ orí mọ ìdí àwo! Gbogbo ọ̀dọ́ olórin tí mo ti fi gègé nà ni yóò jó yí mi ká. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má tan ara mi.

Ó dáa. Kọ ọ́. "Nítorí pé kò sí àkọlé lára àwo tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa…" Ẹn-ẹ́n. Òótọ́ ṣáà ni. Ta ló lè mọ̀? Ẹnikẹ́ni ì bá ṣì í. Ẹ̀bi ẹni tó fi í ránṣẹ́ ni, kì í ṣe… Kí ló dé tí ọkàn mi kò balẹ̀ síbẹ̀? Yàrá yìí náà ni mo ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, àga yìí, ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo fa àwo yọ nínú páálí, mo nù ún, mo gbé e lé ẹ̀rọ, mo sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀, igbe sì —

Rárá.

Dúró ná. Kì í ṣe igbe ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ohùn obìnrin ni. Àgbà obìnrin, jẹ́jẹ́, kò sí gìtá lẹ́yìn rẹ̀. Kò ju ká ka ení dé ogún lọ. Mo sì ní… mo tiẹ̀ sọ ọ́ síta, èmi nìkan nínú yàrá: "Èwo nìyí? Ta ní ń fi èyí bẹ̀rẹ̀?" Mo gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Mo yí àwo padà.

Áà.

Bébà funfun kò ṣe mí ní nǹkan kan. Bó ṣe yẹ kó wà ni mo gbé e lé ẹ̀rọ, ọwọ́ èmi náà ni mo fi dà á rú. Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó gbọ́ ọ: irú wọn, wọ́n á pariwo, á rẹ̀ wọ́n, wọ́n á sùn… èmi náà á sì ráyè sùn. Mo ń gbé ní òdìkejì ojú irin. Lọ́jọ́ tí katapílà kọ́kọ́ wá, mo gbọ́ ọ. Mo ti fèrèsé. Oorun tí mo kọ nípa rẹ̀ yẹn, tèmi ni. Mo gbé e fún wọn, mo sì yìn wọ́n pé wọ́n sùn.

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo pa "Nítorí pé" rẹ́. Kò sí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà mọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ: Ìyá kan ló ń sọ̀rọ̀ ṣáájú, ohùn rẹ̀ kò le, kò bú ẹnikẹ́ni, mo sì ní kó lọ kẹ́yìn.