Ọjọ́ Tí Wọ́n Bí Mìsìtúrà

Àwọn ìwé ìtàn tí Àbídèmí fi kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà kò ní ìparí. Kì í ṣe pé àwọn tó kọ wọ́n kò parí wọn o. Ọwọ́ tó ti kan wọ́n ló pọ̀. Ìwé kan á kúrò lọ́wọ́ tíṣà, á bọ́ sọ́wọ́ aránṣọ, á ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Nígbà tó bá fi máa kan ọmọ ọ̀dọ̀ bíi tirẹ̀ ní àdúgbò Komah, ní Sokodé nílẹ̀ Togo, wọ́n ti fi ogún ojú ewé tó gbẹ̀yìn di ẹ̀pà tà. Yóò jókòó ti abọ́ tó ń fọ̀, yóò di ojú, yóò sì fi ọkàn ara rẹ̀ parí èyí tó kù. Ọmọ tó sọnù á délé. Ẹni tó rì sómi á tún yọrí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹni tó ń kọ ìtàn.

Ó ti pé ẹni ọdún méjìdínlógójì báyìí. Lójoojúmọ́, ó ń bá Alàájì Tàjùdíìnì ta ẹní àti abọ́ tánganran ní ọjà Sokodé. Ní ọjọ́ Àìkú, rédíò kan nílùú a máa ka ìtàn rẹ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, àwọn obìnrin ọjà á ti dúró dè é.

"Àbídèmí, kí ni ọkọ yẹn ṣe fún ọ tó o fi pa á?"

"Àìsàn ló pa á, ẹ̀gbọ́n mi."

"Àìsàn wo? Ìwọ lo kó àìsàn ràn án! Jọ̀ọ́, jí i dìde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀."

Àbídèmí á rẹ́rìn-ín, á sì jí i dìde lóòótọ́. Kò nira. Nínú ìtàn, ikú kò ju kí èèyàn yí ojú ewé padà.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn jù nínú gbogbo ìtàn rẹ̀, kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Ìtàn ọjọ́ tí wọ́n bí Mìsìtúrà, ọmọ rẹ̀, ni. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́kọ́ bá ti ń dún lórí páànù, ọmọ náà á wá gbé orí lé e nítan, á ní, "Màmá, ó yá." Àbídèmí á sì sọ bí òjò ṣe ká òun mọ́ ọ̀nà oko ní Kambolé, bí òun ṣe sá sábẹ́ igi òrí kan, tí ọmọ sì dé síbẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìtàn náà ń dàgbà bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Lọ́dún kan, lékeléke kan fò wá, ó bà sórí ẹ̀ka. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lékeléke náà di ogún, wọ́n na ìyẹ́ wọn bo ìyá àti ọmọ. Lọ́dún tó kọjá, òjò rọ̀ yí igi náà ká, ẹ̀kán kan kò sì kán sábẹ́ rẹ̀.

Àbídèmí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe òun ló bí Mìsìtúrà. Sìkírátù ló bí i, ọmọ Kambolé bíi tirẹ̀, tí wọ́n jọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé kan ní Komah, tí wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan. Sìkírátù lóyún fún ẹnì kan tó sọdá ààlà sí Benin tí kò wẹ̀yìn. Ó padà sílé lọ bímọ. Kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́jọ, ibà mú ìyá rẹ̀ lọ. Àníkẹ́, ìyá Sìkírátù, ló pọn ọmọ náà wọ ọkọ̀ wá sí Sokodé. "Inú abọ́ kan náà lẹ ti jọ ń jẹun," ó ní. "Gba tìrẹ."

Àbídèmí ti pinnu pé tí ọmọ bá pé ọdún márùn-ún, òun á sọ fún un. Márùn-ún di méje, méje di mẹ́wàá. Ní Kambolé, gbogbo èèyàn ló mọ̀, ṣùgbọ́n Àníkẹ́ ti kì wọ́n nílọ̀ pé ẹni tó bá la ẹnu rẹ̀, òun á bá a fà á. Ìtàn òjò sì ń gùn sí i, ó ń dí ojú ọ̀nà.

Mìsìtúrà pé ọdún méjìlá, ó dé CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Dìrẹ́tọ̀ ilé-ìwé ránṣẹ́ pe Àbídèmí. Ọmọ tí kò ní nésánsì, ìyẹn ìwé ìbí, kò lè ṣe ìdánwò. Ẹnikẹ́ni kò sì gba ìwé kankan fún Mìsìtúrà rí. Wọ́n ní kí ó lọ sí ilé ẹjọ́ ní Tchamba pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì tó mọ ìgbà tí wọ́n bí i.

Inú Mìsìtúrà dùn. "Màmá, ìtàn òjò lo kàn máa sọ fún wọn! Adájọ́ á sunkún!"

Wọ́n lọ sí Kambolé ní ọjọ́ kan ṣáájú. Àníkẹ́ ń bẹ iṣu lọ́wọ́. Àbídèmí ní kí ọmọ lọ pọn omi wá. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá arúgbó náà.

"Ìyá, orúkọ ta ni ká sọ fún wọn?"

"Orúkọ rẹ ni." Ọ̀bẹ kò dúró. "Ta ló pọ̀n ọ́n? Ta ló gbé e lọ sílé-ìwé?"

"Sìkírá ńkọ́?"

"Òkú kì í ṣe ìdánwò, ọmọ mi."

Bàbá Àzíìzì, aládùúgbò wọn tó máa ṣe ẹlẹ́rìí kejì, jókòó sórí àpótí, ó ń jẹ obì. "Èmi, ohun tí ẹ bá ní kí n sọ ni màá sọ. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n báyìí, kí n má baà lọ sọ ti ẹlòmíràn."

"Kó o má sọ ti ẹlòmíràn, ìwọ tó o fi orúkọ ìyálé pe ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó!"

"Ìyá Sìkírá, ẹ tún ti dé! Ọdún kẹtàlélógún rèé o, ẹ ò jẹ́ kí n sinmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbídèmí náà rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ó ti rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wọ tásì lọ sí Tchamba. Eruku pupa bo ojú ọ̀nà, òórùn èso kajú tó pọ́n gba inú ọkọ̀ kan. Àbídèmí gbé orí ti fèrèsé. Láàrin àwọn igi, ó rí Sìkírátù. Ó ru agbada sórí, ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kò fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Òógùn kò sí lójú rẹ̀. Kò wo apá ọ̀dọ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe wọ Tchamba, ó yà bá ọ̀nà oko kan lọ, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Yàrá kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́. Adájọ́ jẹ́ ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan, akọ̀wé rẹ̀ sì ti gbó, ìwé ńlá kan ṣí síwájú rẹ̀. Bàbá Àzíìzì ló kọ́kọ́ dìde.

"Ọdún tí mo wa iṣu kan ni wọ́n bí i. Èèyàn méjì ló gbé iṣu náà délé."

"Bàbá, ọdún wo nìyẹn?"

"Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Kambolé. Wọ́n á rántí iṣu náà."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àníkẹ́ ló wá sọ pé ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá ni, kí ọmọ náà tó rìn ni wọ́n sì fi òrùlé sí mọ́ṣáláṣí tuntun. Akọ̀wé ṣí kàlẹ́ńdà àtijọ́, ó wá ọjọ́ náà rí, ó kọ ọ́.

"Orúkọ ìyá ọmọ?" adájọ́ béèrè.

Àníkẹ́ yíjú sí Àbídèmí. Mìsìtúrà, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, fi ìgúnpá tọ́ ọ. "Màmá, òjò náà."

Àbídèmí la ẹnu. Òjò ti ṣú nínú rẹ̀, àwọn lékeléke ti ń bọ̀. Nígbà náà ló rí ọwọ́ akọ̀wé. Ó ti fi ẹnu bíìkì tó fi ń kọ̀wé lé ìwé, ó ń dúró. Àbídèmí mọ ohun tí a ń pè ní kíkọ. Ó mọ̀ pé ọkọ tó kú nínú rédíò lè jí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò bá kọ sínú ìwé yìí lónìí, kò sẹ́ni tó máa jí i.

Ó rántí ọjọ́ kan ní Komah, tí òun fi èédú kọ orúkọ Sìkírátù sára ògiri ilé ìdáná. Sìkírátù kò mọ̀wé. Ó dúró, ó wò ó títí. "Báyìí ni mo ṣe rí?" ó ní, ó sì ń fi ìka tẹ̀ lé e. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyálé ilé rí i, ó ní kí àwọn méjèèjì fọ ògiri náà. Wọ́n fọ̀ ọ́. Wọn kò kọ orúkọ náà síbi kankan mọ́ láti ọjọ́ náà.

"Sìkírátù," Àbídèmí sọ, ó sì fi orúkọ bàbá rẹ̀ kún un. "Òun ló bí i. Ó ti kú. Èmi ni mo tọ́ ọ."

"Ẹ tún un pè, kí n lè kọ ọ́ dáadáa," ni akọ̀wé wí.

Ó pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ṣáájú kó tó pè é tán, Àníkẹ́ ti fa etí aṣọ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọwọ́ Mìsìtúrà sì ti kúrò nínú tirẹ̀.

Ọkọ̀ wọn rìn jìnnà lójú ọ̀nà Sokodé kí ọmọ náà tó sọ̀rọ̀.

"Ta ni Sìkírátù?"

Àbídèmí sọ ọ́ láìfi nǹkan kan kún un. Ìtàn kúkúrú ni. Ó tán kí wọ́n tó dé abúlé tó tẹ̀ lé e.

"Lékeléke ńkọ́?"

"Èmi ni mo fi í síbẹ̀."

"Òjò ńkọ́?"

"N kò mọ̀ bóyá òjò rọ̀."

Mìsìtúrà kọjú sí fèrèsé, kò sì yí i padà mọ́ títí wọ́n fi dé.

Láti ọjọ́ náà, ó ń pè é ní Tántì, bí ọmọdé ṣe ń pe obìnrin èyíkéyìí ní àdúgbò. "Tántì, iyọ̀ ti tán." "Tántì, mò ń lọ sílé-ìwé." Kò yájú sí i. Ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ abọ́, ó ń kí i ní òwúrọ̀. Ó sàn kó yájú. Ní ọjà, Àbídèmí nawọ́ abọ́ sí ẹni tó béèrè ẹní.

"Àbídèmí," Alàájì Tàjùdíìnì ní, "ṣé orí abọ́ ni oníbàárà máa sùn?"

Ní ọjọ́ Àìkú, rédíò fi orin dípò ìtàn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án, òjò àkọ́kọ́ dé. Atẹ́gùn gbé eruku Komah sókè, ó tún sọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà páànù bẹ̀rẹ̀ sí dún. Àbídèmí jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ bó ṣe máa ń nà á, kó tó rántí pé kò sí ẹni tó ń bọ̀. Ó fẹ́ ká ẹsẹ̀ kò.

Mìsìtúrà wọlé. Kò gbé orí lé e nítan. Ó jókòó sí ìkángun ẹní, ó ti káyé kan, ìwé tó fi ń kọ iṣẹ́ ilé-ìwé, àti bíìkì síwájú Àbídèmí.

"Tún un sọ," ó ní. "Fi í sí i."

"Ta ni?"

"Sìkírátù. Òun ni kó o fi sábẹ́ igi."

"Mo ti sọ fún ọ pé n kò mọ̀ bóyá igi kankan wà níbẹ̀."

"Igi lè wà." Ó ronú. "Fi òjò náà sílẹ̀. Yọ lékeléke kúrò. Wọ́n ti pọ̀ jù."

Àbídèmí gbé bíìkì. Ó kọ ọ̀nà oko. Ó kọ òjò. Ó kọ Sìkírátù lábẹ́ igi, pẹ̀lú ẹyinjú rẹ̀ tó fi ń rẹ́rìn-ín. Mìsìtúrà sún mọ́ ọn láti rí i, ó fi ìka tẹ̀ lé orúkọ náà lórí ìwé, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn.

"Màmá," ó ní, "ìwọ ńkọ́? Ní àkókò yẹn gan-an, níbo lo wà?"

Àbídèmí wo òjò lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo wà ní ibí, ní Komah. Mò ń fọ abọ́. N kò tíì mọ̀ pé o ti dé."

"Kọ ìyẹn náà," ni Mìsìtúrà wí.