Ẹni Tó Ń Ṣubú

Láti àárọ̀ ni Azeemah ti ń fi ìbínú lọ aṣọ tí ọkọ rẹ̀ máa wọ̀ lọ gba àmì ẹ̀yẹ.

Òun ló kúkú kọ́kọ́ rí ìròyìn náà lórí fóònù, pé ìjọba ilẹ̀ Íńdíà máa ń fún ẹni tó bá ṣètò ìjà inú fíìmù ní àmì ẹ̀yẹ, bí wọ́n ṣe ń fún òṣèré. Òun ló ní kí Rájí, ọkọ rẹ̀, lọ sọ fún ẹgbẹ́ onífíìmù Ẹdẹ kí àwọn náà dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Rájí lọ, ẹgbẹ́ gbà. Ló bá fi orúkọ ara rẹ̀ nìkan sílẹ̀, ọ̀kánjúwà ọkùnrin!

"Ní Íńdíà, ẹni tó ṣètò ìjà ni wọ́n ń fún," ni Rájí wí. "Wọn kì í fún ẹni tó ń ṣubú."

"Ta ló wá ṣètò ẹ̀, Bàbá Fàtímọ̀? Ta ló ronú ẹ̀ pé kí n fi ẹ̀yìn já láti orí òrùlé sórí òkìtì yanrìn ní Sekona? Iṣẹ́ tiyín ò ju kẹ́ ẹ pariwo 'Ó yá!'"

"Panu ẹ dé jàre. Ta ló rí ojú ẹ níbẹ̀?"

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó rí i. Aṣọ òṣèré ni Azeemah máa ń wọ̀, á kẹ̀yìn sí kámẹ́rà, á wá bá olúwarẹ̀ ṣubú. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ó ń wù ú kí wọ́n pe orúkọ òun níwájú èrò, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré.

Gbọ̀ngàn kún. Ọpẹ́yẹmí, atọ́kùn ètò, gbé àmì ẹ̀yẹ lé Rájí lọ́wọ́. Rájí dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, àti lọ́wọ́ ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀. Kò rántí ìyàwó.

"Ẹ ṣe díẹ̀ ká rí i!" làwọn èrò ń pariwo. Rájí bá na ìka sí Azeemah pé kó gòkè wá.

Nínú ìjà fíìmù, ẹni tí wọ́n ń lù ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ kì í kan èèyàn. Ẹni tí wọ́n jù ú sí ni yóò gbá itan ara rẹ̀ kó lè dún, òun ni yóò yí orí, òun náà ni yóò fò ṣubú. Rájí ju ẹ̀ṣẹ́. Azeemah dúró gbọnin, ó ń wò ó. Ẹ̀ṣẹ́ kọjá níwájú imú rẹ̀, Rájí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀lé e ṣubú. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Inú Azeemah dùn débi tó fi gbàgbé pé ọkùnrin tí ojú bá tì ní gbangba kì í mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe.

Ẹ̀ṣẹ́ kejì kàn án, ẹnu ló ti bá a. Ó ṣubú bí àpò gàrí, kò ráyè fi apá gba ara. Ni gbogbo èrò bá dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń súfèé, nítorí wọn kò rí irú ìṣubú bẹ́ẹ̀ rí.

Ọpẹ́yẹmí sáré bẹ̀rẹ̀ tì í. Ó rò pé sóbò ló ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, bí wọ́n ti ń fi í ṣe ẹ̀jẹ̀ nínú fíìmù. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i lẹ́nu.

"Iṣẹ́ rèé o! Ẹ̀gbọ́n mi, kí lorúkọ yín?"

Azeemah la ẹnu. Ẹ̀jẹ̀ ló dà síta, ọ̀rọ̀ kò jáde. Rájí gba ẹ̀rọ náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo èrò.

"Ìyàwó mi ni," ó ní.