Ọ́síjìn Ẹnì Kan Ṣoṣo

"Mo ní kí o kọ ọ́! Àbí ọwọ́ rẹ rọ ni?"

Ohùn Àbídéènì jórinjórin kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Akpakpa, ní Kútọnu, ó sì tú jáde sójú títì. Lọ́la ni ìpàdé, níbi tí ará ìlú yóò ti sọ bóyá kí ìjọba fi owó gbogbo wọn rán ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan lọ sínú òfurufú. Àbídéènì fẹ́ dìde níbẹ̀, kó sọ ọ́ lójú wọn pé rárá. Àmọ́ Faransé rẹ̀ kò ju bọ̀ǹjúù lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ránṣẹ́ pe Ràhámátù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń kàwé ní yunifásítì Abomey-Calavi, kó wá bá a kọ ọ́, kó sì bá a kà á lójú gbogbo ayé.

"Bàbá, mo lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà á gbọ́. Àwọn tó wà lókè ọ̀hún, inú omi ni wọ́n ti ń yọ ọ́síjìn tí wọ́n ń mí. Bí ọmọ tiwa náà bá lọ kọ́ ọ, ọ̀sà tó wà lẹ́yìn wa yìí…"

"Ọ̀sà!" Àbídéènì pàtẹ́wọ́ ẹ̀gàn. "Ọ̀sà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí baba mi ní Pobè. Èémí ìṣẹ́jú kan, kò fún ìyá rẹ. Ìjọba tí kò rí ọ́síjìn fún Safurat ìyàwó mi lórí ilẹ̀, òun ló fẹ́ gbé e pọn sẹ́yìn ẹnì kan lókè? Adìẹ kò rómi mu, wọ́n ń bu omi wẹ pẹ́pẹ́yẹ!"

"Ẹni tó bá ní kí àgbàlá òun gbẹ kóun tó wo òkè, ní Kútọnu yìí, inú ẹrẹ̀ ni yóò kú sí."

"Ìyá rẹ ló kú!"

Ní igun ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ tapólì dúdú, nǹkan kan mí. Hììììì.

Àbídéènì kò wo ibẹ̀. Ọdún kẹrin rèé tí kì í wo ibẹ̀. Bó bá ń jó irin lọ́wọ́, kò ní gbọ́ ọ. Bó bá paná báyìí, èémí náà á bẹ̀rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, gẹ́lẹ́ bí Safurat ṣe ń fà á lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọ̀sán Àlàmísì tó kú yẹn. Ó ti ka Áyátù-Kúrísíyù inú Kùránì sí i títí ahọ́n rẹ̀ fi gbẹ. Kò lọ. Nígbà mìíràn a tilẹ̀ máa pè é: Bàbá Ràhámátù.

"Ṣé o gbọ́?" Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Kí ni, Bàbá?"

"Kọ ìwé rẹ."

Ràhámátù mú bíìkì.

"Kọ ọ́ pé mo gun alùpùpù zẹ́mì láti ọsibítù kan dé òmíràn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún dókítà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà."

Ó kọ ọ́.

"Kọ ọ́ pé gbogbo wọn ní ọ́síjìn àwọn ti tán."

Ó kọ ọ́.

"Kọ ọ́ pé lọ́jọ́ náà, kò sí ọ́síjìn kankan ní gbogbo Kútọnu."

Bíìkì dúró.

"Kọ ọ́!"

Ràhámátù dìde. Ó lọ tààrà sí igun, ó sì fa tapólì ya kúrò. Sìlíńdà gíga kan yọ, irú sìlíńdà ọ́síjìn tí jórinjórin fi ń gé irin, tí eruku ọdún mẹ́rin ti bò lórí. Ó yí ẹnu rẹ̀. Hììììì, ó mí sí wọn lójú.

"Ó kún lọ́jọ́ náà, Bàbá. Èmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, títì méjì péré sí ibí, tí mò ń wo ẹnu ọ̀nà, pé ẹ̀ ń gbé e bọ̀."