Ẹ̀rọ Tí Kò Lo Ríbọ́ọ̀nù

Ẹ̀rọ méjì ni Àbdùlgàfár gbé síwájú Mọ́tọ́lá nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àgbádárìgì.

"Èyí tó tóbi yìí, ríbọ́ọ̀nù oníyíǹkì ló fi ń tẹ báákóòdù. Èyí kékeré kò lo ríbọ́ọ̀nù rárá, ooru ló fi ń sọ bébà náà di dúdú. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Àǹtí?"

"Ẹja yíyan. Súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Òjó fẹ́ máa gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní àfi kí báákóòdù tí ẹ̀rọ wọn máa kà wà lára ọ̀rá."

"Ṣé ọ̀rá náà máa ń sún mọ́ iná?"

"Ẹja tí mo ti yan, tí mo ti dì, kí ló tún ń wá lọ sídìí iná? Ṣé ó gbàgbé nǹkan síbẹ̀ ni?"

Àbdùlgàfár rẹ́rìn-ín. "Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ná."

Ta ni kó bi? Ìyá Dosi, ìyá ọkọ rẹ̀, ni wọ́n jọ ń yan ẹja ní Ajido. Ìyá náà ló kọ́ ọ ní igi tí kì í mú ẹja korò, òun náà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí i tí kò fi ní fọ́. Ṣùgbọ́n lójú Mọ́tọ́lá, kí ni àgbàlagbà fẹ́ sọ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ? Ó mú èyí kékeré, torí pé kò ní wàhálà, ó sì gbé e wálé bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Nígbà tó lẹ báákóòdù mọ́ ọ̀rá ẹja tán, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Otto. Òjò dé lẹ́yìn rẹ̀. Òjò etí ọ̀sà kì í ṣe àlejò tí í kíni kó sì máa lọ. Ṣe ló jókòó ti ilé. Ìyá Dosi rí i pé ọ̀rinrin ti ń ti ara ògiri wọ inú agbọ̀n. Ohun tí ìyá tó bí i máa ń ṣe náà lòun ṣe: ó kó ẹja tọ̀rá-tọ̀rá gun orí àjà tó wà lókè ààrò, ó fi eérú bo iná kó lè máa lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹja má bàa hu èbu. Ibẹ̀ ni ẹja ń sùn ní Ajido nígbà òjò. Mọ́tọ́lá náà mọ̀, ọdọọdún ló ń bá wọn kó o gùn ún. Ó kàn wo ọ̀rá tuntun títí ó fi gbàgbé ẹja tó wà nínú rẹ̀ ni.

Nígbà tó dé, ẹja gbẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n ooru ti sọ bébà báákóòdù di dúdú bí ìdí ìkòkò, kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè kà á. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sì ń retí ẹrù ní Òjó.

"Ta ló kó o síbẹ̀?"

"Èmi ni, ìyàwó mi. Òjò ni. N kò fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ bàjẹ́."

Ibẹ̀ ló yẹ kí Mọ́tọ́lá pa ẹnu mọ́. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ kì í pẹ́ fi gé ara rẹ̀.

"Ṣé gbogbo nǹkan ayé, àfi kẹ́ ẹ fi iná kàn án ni? Ẹ kúrò nídìí òwò mi, kẹ́ ẹ jẹ́ kí n rí ọ̀nà."

Ìyá Dosi nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó da eérú kún iná, ó sì lọ sí yàrá rẹ̀.

Súpámákẹ́ẹ̀tì kò tilẹ̀ bínú. Wọ́n ní kó tún un tẹ̀ kó mú un padà wá. Mọ́tọ́lá lọ gbé ẹ̀rọ ńlá lọ́dọ̀ Àbdùlgàfár, ó ti ibẹ̀ lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Dosi.

"Màámi, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo mú ẹ̀rọ tí kò bá iṣẹ́ wa mu, tí mi ò bi yín."

"Mo ti forí jì ọ́. Dìde, ilẹ̀ tutù."

"Èyí tuntun kò bẹ̀rù ooru. Ẹ máa bọ̀ ní ààrò lọ́la."

"Rántí kó o tètè máa yí ẹja, kí epo rẹ̀ tó kán síná."

"Ẹ̀yin lẹ máa yí i, Màámi."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òwò rẹ ni, ìyàwó mi. Ọ̀nà ti là fún ọ báyìí."

Láti ìgbà náà, Mọ́tọ́lá nìkan ló ń yan ẹja. Báákóòdù rẹ̀ ń hàn kedere. Bí òjò bá ṣú, ó máa ń dúró díẹ̀ lẹ́sẹ̀ àkàsọ̀ àjà, bóyá ẹnìkan yóò wá bá a di agbọ̀n mú. Láràárọ̀, Ìyá Dosi a béèrè bó ṣe jí, a dáhùn ìkíni rẹ̀ dáadáa, a sì bá tirẹ̀ lọ.