Orin Tó Ń Há Iná Mọ́wọ́

Láti ìgbà tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti sọ aṣọ funfun oníbàárà di dúdú, iná oòrùn ni Ìyá Aránṣọ àti ọmọ rẹ̀ onígbàjámọ̀ ń lò. Iná náà kò lè gbé áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ àti kílípà ìfárí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹni tó bá ń lò ó ni yóò máa kọrin, kí ẹnì kejì lè dúró.

Ọmọ fá orí ọkọ ìyàwó kan dé ìdajì, ó dákẹ́ kó mumi. Kíá, ìyá gba orin mọ́ ọn lẹ́nu, kò sì dá orin náà dúró mọ́.

"Màámi, ìyàwó ń retí ọkọ o! Ẹ ò tíì lọ aṣọ tán?"

"Mo ti lọ ọ́ tán tipẹ́! Orin yìí ló dùn mọ́ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, orí mi!" ni ọkọ ìyàwó ké.

Ìyá fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ gbé orin, ó fá orí tán, ìdí ìyá sì ń jó.